Ìgò "mì-í-kó-rọ̀" tí mò ń fọwọ́ ṣe ń dàrú, ó sì ń jò. Ẹ gbà mí o!

Ọmọ_Etí_Ọ̀sà, Àgbádárìgì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀.

Ẹ mọ ìgò róbótó yẹn tí wọ́n máa ń kó ti ìlú òyìnbó bọ̀, tí ilé tàbí igi kékeré máa ń wà nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti mì í, nǹkan funfun á máa já bọ́ lórí ilé náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òjò dídì? Òun ni mò ń fọwọ́ ṣe. Tèmi ò tóbi o. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ìgò mi kò ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ, èyí tó tóbi jù kò ju ẹyin adìyẹ lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló sọ ọ́ ní "mì-í-kó-rọ̀", orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára.

Ohun tí mò ń fi sínú rẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tó wà ní Marina níbí, èyí tí àwọn òyìnbó oníwàásù kọ́ ní 1845. Àwọn àlejò tó ń wá wo ìlú wa máa ń béèrè nǹkan kékeré tí wọ́n lè mú lọ sílé, ni mo bá ní kí n dán an wò. Mo ṣe méjìlá. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin, omi inú márùn-ún ti funfun bí omi ògì. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti di ilé ilẹ̀ nínú méjì, òkè rẹ̀ ti yọ́ wá sísàlẹ̀. Mẹ́ta jò sórí tábìlì ìyá mi, ẹ sì mọ̀ pé gílísẹ́rìn kì í gbẹ bọ̀rọ̀, tábìlì yẹn ṣì ń lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ títí di òní. Ọ̀kan ń rùn. Ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu jù.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí: mo po ìyẹ̀fun, iyọ̀ àti omi pọ̀, mo fi mọ ilé náà, mo yan án, mo wá fi pósítà kọ́lọ̀ kùn ún. Mo fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí. Omi bohóólù ilé wa ni mo bù sí i, mo kán gílísẹ́rìn díẹ̀ lé e. Òjò dídì rẹ̀, èèpo ẹyin tí mo gún ni. Mo dé e pa. Níbo ni mo ti ṣì í?

Bàbá_Àpótí_Ẹja, Ìkòròdú

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ foríjì mí, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti di ilé ilẹ̀.

Àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ sí ni mò ń ṣe, lẹ́bàá Ìta-Ẹlẹ́wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá omi àti gíláàsì jà, mo sì mọ ibi tí omi máa ń gbà sá. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ilé yín kọ́kọ́. Ìyẹ̀fun àti iyọ̀ yẹn, búrẹ́dì lẹ rì sómi. Yíyan tí ẹ yan án, gbígbẹ ló gbẹ, kò di òkúta. Bí omi bá ti kàn án, iyọ̀ á yọ́, ìyẹ̀fun á wú, omi á funfun. Ohun tó fa ti àwọn márùn-ún nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún tàn yín pé kí ẹ lo èyí tí wọ́n fi sítáàṣì àgbàdo àti gọ́ọ̀mù funfun pò. Ó dáa lórí kéèkì, omi á tú u ká bákan náà.

Ohun tí èmi máa lò ni gọ́ọ̀mù amọ̀ tí àwọn púlọ́ńbà fi ń dí páìpù tó ń jò. Ẹ béèrè rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta páìpù, wọ́n á mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ méjì ló wà pọ̀ nínú rẹ̀: ẹ gé díẹ̀, ẹ pò ó láàárín ìka títí àwọ̀ méjèèjì á fi di ọ̀kan. Ó máa ń móoru díẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó bá fẹ́ gan, ẹ tètè mọ ilé yín kíá, torí kò ní dúró dè yín. Bó bá ti gan tán, kò sóhun tí omi lè fi í ṣe, inú omi náà kúkú ni wọ́n ti ń lò ó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀rá o, ó máa ń yún àwọn ẹlòmíì lára.

Bí ẹ bá rí amọ̀ oníke tí wọ́n ń yan nínú ààrò, ìyẹn ló dáa jù fún fèrèsé àti ilẹ̀kùn wẹ́wẹ́, torí kì í gan títí ẹ ó fi yan án. Nǹkan bí 130 °C ni wọ́n sábà máa ń kọ sára páálí rẹ̀, ẹ tẹ̀lé ohun tí páálí bá wí. Bó bá jóná, èéfín rẹ̀ kò dáa fún ìmú.

Ó wá ku súpà gúlù. Ẹ gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó máa ń hu funfun bí eérú, omi sì máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi já. Gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì ni kí ẹ fi lẹ ilé mọ́ ìdérí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ ìṣẹ́jú márùn-ún sára rẹ̀, ẹ fún un ní odindi ọjọ́ kan. Sílíkọ́ọ̀nù ni kí ẹ fi yí etí ìdérí ká, irú èyí tó máa ń rùn bí ọtí kíkan nígbà tó bá ń gbẹ. Òun náà fẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ìdérí rọ́bà rírọ̀, kò sí gọ́ọ̀mù tó máa dì í mú dáadáa, iṣẹ́ òfo ni. Ìdérí páànù ló dáa, kí ẹ sì fi sáńpépà ha inú rẹ̀ títí kò fi ní dán mọ́, kí ẹ wá fi sípíríìtì nù ún. Ọ̀rá ọwọ́ lásán ti tó láti ba gọ́ọ̀mù jẹ́.

Oníkẹ́míìsì_Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Àpótí ti gbẹ́nu lé e dáadáa. Ọ̀rọ̀ omi àti òórùn yẹn ló kù fún mi.

Àǹtí, ẹyin ló ń rùn. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú èèpo ẹyin, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ máa rí i bí ẹ bá bó ẹyin sísè. Awọ yẹn ló jẹrà sínú ìgò yín. Ẹ se èèpo náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ bó awọ náà kúrò nígbà tí omi bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ tó gún un. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi aṣọ ìjọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jọ̀ ọ́: lẹ́búlẹ́bú tó jábọ́, ẹ dà á nù, torí òun ló ń mú omi funfun bí omi ògì. Èyí tó kù sórí aṣọ, ẹ fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ yọ èyí tó tóbi jù kúrò nínú rẹ̀. Agbede méjì yẹn lẹ fẹ́.

Síbẹ̀ náà, mi ò fẹ́ràn èèpo ẹyin fún ìgò tó kéré báyẹn. Ó wúwo, ó ń já bọ́ kíákíá. Bí ìgò bá ga bí ìka ọwọ́, kí ojú ẹni tó ń wò ó tó ṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ti délẹ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe èékánná, ẹ ra gílítà wọn, èyí tó rí bí ìyẹ̀fun. Ti àwọn aránṣọ ti tóbi jù: lórí ilé tó ga tó èékánná, yóò dà bí ẹni pé wọ́n ń ju páànù lu òrùlé. Ẹ kọ́kọ́ da díẹ̀ sínú ife omi di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí omi bá yí àwọ̀ padà, ẹ má lò ó. Ẹ má gé ọ̀rá náílọ́ọ̀nù sínú rẹ̀ o, léfòó ló máa léfòó. Àbẹ́là tí wọ́n rẹ́ náà á léfòó.

Omi ńkọ́? Omi bohóólù yín kò yẹ. Etí òkun lẹ wà, iyọ̀ máa ń wà nínú omi ilẹ̀. Ti ará Ìkòròdú náà, bẹ́ẹ bá bu omi sínú garawa funfun di òwúrọ̀, ẹ máa rí ìpẹtà nísàlẹ̀ rẹ̀ ládùúgbò púpọ̀. Omi tí wọ́n ń bù sí bátìrì mọ́tò ló dáa jù, torí wọ́n ti se é di ooru, wọ́n sì ti gba ooru náà padà di omi, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. ṢÙGBỌ́N ẹ la ojú yín kalẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, nítorí ásíìdì bátìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgò wọn sì lè jọra. Ẹ wo ara ìgò, ẹ bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ ra píọ̀ wọ́tà, ẹ sè é kí ó hó dáadáa, ẹ bò ó, kí ó tutù. Sísè yẹn ń lé afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi jáde, ìdí nìyẹn tí kò fi ní máa yọ ìfófòó wẹ́wẹ́ sára ilé lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé e tán.

Gílísẹ́rìn: "díẹ̀" tí ẹ sọ yẹn kò ràn yín lọ́wọ́. Òun ló ń mú kí omi ki, kí òjò yín lè máa rọra bọ̀. Ìgò ńlá lè gba díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgò kékeré kò ní ibi tí gílítà máa gbà pẹ́, ó ní láti ki jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gílísẹ́rìn ìdá kan sí omi ìdá méjì. Bó bá ṣì ń sáré, ẹ lè débi kí méjèèjì dọ́gba. Bẹ́ẹ bá kọjá ibẹ̀, gílítà á so pọ̀ bí ẹ̀bà tó kókó, kò sì ní gbéra mọ́. Ẹ fi ṣóńṣó igi ìtayín tọ́ ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, kí ẹ kán ẹyọ kan péré sí i, torí láìsí ọṣẹ, gílítà á máa ta lórí omi, kò ní rì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ lo omi aláwọ̀ tí wọ́n ń bù sí rédíétọ̀ dípò gílísẹ́rìn. Òótọ́ ni pé ó ki. Èròjà tó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ dùn lẹ́nu, májèlé sì ni, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ìgò fọ́ sílẹ̀, ọmọdé tọ́ ọ wò, ọ̀rọ̀ ti di ẹkún.

Ẹlẹ́nu_Ṣíṣe

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa gọ́ọ̀mù o. Ìbéèrè mi ni pé, ìgbà wo ni òjò dídì rọ̀ ní Àgbádárìgì? 🤣 Ẹ fi ọyẹ́ sínú rẹ̀ ká lè mọ̀ pé ilé wa ni.

Ọmọ_Etí_Ọ̀sà

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́nu, ẹ ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ yẹn. Gílítà àwọ̀ eruku, kí ó dà bí àárọ̀ ọyẹ́. Mo máa dán an wò.

Oníkẹ́míìsì, ẹ ṣeun gan-an ni. Ìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ awọ ẹyin yẹn ni mo lọ ṣí ìgò tó ń rùn náà. Ó dà bí ẹni pé awọ ejò bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ti da gbogbo rẹ̀ nù.

Ìyá_Alágbọn, Àjàrá

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Mo ti ka tàwọn ọkùnrin, ó dáa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìdí tí ìgò náà máa jókòó lé. Ìgò kékeré tó dá dúró lásán, ọmọ á fọwọ́ gbá a, ó fọ́ nìyẹn.

Àgbọn ló yí wa ká lọ́dọ̀ wa, kí ló dé tí o kò lò ó? Wá àgbọn kékeré, fi ayùn gé e níbi ojú rẹ̀ mẹ́ta, kí o mú bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, dojú rẹ̀ délẹ̀, ó di àga nìyẹn. Fi àfọ́kù ìgò ha irun ara rẹ̀, kí o wá fi sáńpépà ha á títí á fi dán bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú. Gbẹ́ ojú ihò tí ìdérí ìgò á wọ̀, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ìgbà tí gọ́ọ̀mù bá gbẹ tán ni kí o tó fi àdí àgbọn pa á lára. Mo fi àdí pa á kí n tó lẹ̀ ẹ́ nígbà kan, mẹ́fà bọ́ lọ́wọ́ oníbàárà kan náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ojú tì mí dé ilé.

Má fi èèpo àgbọn sínú omi o! Ó máa tú àwọ̀ jáde bí omi tíì. Igi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Irin á dípẹtà. Ohun tó lè wọ omi tí kò ní ṣe nǹkan kan ni owó ẹyọ, ìkarahun tí o bá ṣà létí òkun tí o sì sè dáadáa, ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì, àti òkúta wẹ́wẹ́. Mo fi owó ẹyọ ẹyọ kan péré sínú ìgò lọ́fíndà kékeré, mo fi gílítà funfun díẹ̀ sí i, ó sì wu àwọn èèyàn ju gbogbo ilé tí mo ti mọ lọ.

Jẹ́jẹ́_Layé

Ẹ kú iṣẹ́ ma. Àǹtí Etí Ọ̀sà, bó bá jẹ́ tàwọn àlejò, ẹ ṣe ojú àìdábọ̀, ìyẹn Point of No Return, tó wà ní Gbẹ̀rẹ̀fù. Ẹnu ọ̀nà olópò funfun méjì yẹn, kí gílítà góòlù máa rọ̀ lé e lórí. Wọ́n á rà á bí ẹní ra àkàrà.

Ìyá_Alágbọn, Àjàrá

Jẹ́jẹ́ Layé, rọra. Ibi tí wọ́n ti kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ọkọ̀ ojú omi tí wọn ò padà wálé mọ́, ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ da góòlù lé lórí kí ó máa dán yinrinyinrin? Àwọn kan ń wá láti Amẹ́ríkà àti Bràsíl, wọ́n á dé ibẹ̀, wọ́n á jókòó sílẹ̀, wọ́n á sunkún. Mo ti rí i lójú ara mi. Wọn ò wá ṣe fàájì.

Jẹ́jẹ́_Layé

Ẹ má bínú ma, mi ò rò ó débẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ló ń béèrè ohun tí wọ́n máa fi rántí ibẹ̀. Ká má ṣe é rárá náà kò dáa.

Ọmọ_Etí_Ọ̀sà

Mọ́mì, òótọ́ lẹ sọ. Jẹ́jẹ́ náà ò parọ́. Èrò tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n fi iyanrìn etí òkun nìkan sínú rẹ̀. Kò sí gílítà. Bí ẹ bá mì í, iyanrìn á dìde, á bo ẹnu ọ̀nà náà mọ́lẹ̀, á tún rọra kúrò níbẹ̀.

Tí mo bá fẹ́ ṣe èyí tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, mo lè lo igi Agia, ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere ní 1842. Igi náà ti wó láti 1959 ni o, ṣùgbọ́n ìrántí rẹ̀ ṣì wà. Ìyẹn lè gba gílítà, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Oníkẹ́míìsì_Ẹ̀pẹ́

Iyanrìn náà wúwo bí èèpo ẹyin, á máa já bọ́ kíákíá ni. Ẹ lo èyí tó kúnná jù lọ, ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi títí omi á fi mọ́ kedere, torí iyọ̀ òkun wà lára rẹ̀, ẹ wá se é. Gílísẹ́rìn àti omi kí ó dọ́gba. Kódà bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ lókè. Fún ohun tí ẹ fẹ́ sọ yẹn, ó tiẹ̀ bá a mu.

Ará_Ìta_Òkun, Vienna

Mo ń kà yín látàárọ̀. Ìlú tí mò ń gbé yìí gan-an, ní Ọ́síríà, ni ọkùnrin kan ti sọ nǹkan yẹn di iṣẹ́ ọwọ́. Erwin Perzy ni ọkùnrin náà ń jẹ́, àwọn irinṣẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ ló ń ṣe. Ó ń wá bí iná gílóòbù ṣe máa tànmọ́lẹ̀ sí i fún àwọn oníṣẹ́ abẹ. Àwọn tó ń rán bàtà nígbà náà máa ń gbé ìgò róbótó tó kún fún omi síwájú fìtílà kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀, ni òun náà bá gbìyànjú bẹ́ẹ̀, ó wá ń bu oríṣiríṣi nǹkan sínú omi kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tó bù sí i ni sẹ̀mólínà. Ó rí i tó ń rọra rì, ó ní òjò dídì rèé. Ọ̀rọ̀ iná náà kò yọrí sí ibì kankan, ṣùgbọ́n ó fi ilé ìjọsìn Mariazell sínú ìgò. Ní nǹkan bí 1900 ni. Ìdílé rẹ̀ ṣì ń ṣe é níbí, wọn kì í sì í sọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe òjò wọn fún ẹnikẹ́ni.

Ẹlẹ́nu_Ṣíṣe

Ẹ dúró ná. Sẹ̀mólínà? Sẹ̀mó tí à ń rò tí à ń fi ẹ̀fọ́ jẹ? 😂😂

Ará_Ìta_Òkun, Vienna

Ẹbí kan náà ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má lò ó, á wú sínú omi, á kan.

Ohun kan tún wà o. Ìgò róbótó tó kún fún omi máa ń ṣe bí awò, ó ń kó ìmọ́lẹ̀ oòrùn jọ sójú kan. Ẹ má gbé e sójú fèrèsé tàbí orí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò. Ó lè jó aṣọ fèrèsé. Nítorí awò yẹn kan náà, ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń tóbi lójú, ẹ mọ ilé yín kéré sí i. Ẹ sì rántí pé ó ní láti gba ẹnu ìgò wọlé, mo ti rí ẹni tó mọ ilé tán tí kò wọ ibi tó ní kó wọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ tà á fún ẹni tó ń wọ bàálù, ẹ jẹ́ kí omi inú rẹ̀ má ju 100 ml lọ, torí ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ wọn kì í jẹ́ kí ẹ gbé omi tó jù bẹ́ẹ̀ wọlé nínú báàgì ọwọ́. Tiyín tó kéré báyìí, kò ní wàhálà.

Bàbá_Àpótí_Ẹja, Ìkòròdú

Ó ku bí ẹ ó ṣe dé e. Ìgbà tí gọ́ọ̀mù ilé bá ti gba ọjọ́ kan rẹ̀, ẹ bu omi àti gílísẹ́rìn sínú abọ́ jíjìn, ẹ ri ìgò náà sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó kún fọ́fọ́, ẹ ri ìdérí sí i, ẹ dé e LÁBẸ́ OMI. Afẹ́fẹ́ kankan kò ní ráyè wọlé. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ wá yí sílíkọ́ọ̀nù sí i.

Oníkẹ́míìsì_Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ku afẹ́fẹ́ tó tó èso ẹ̀wà kan. Omi ń fẹ̀ bó bá gbóná. Omi inú ìgò 30 ml, bí ó bá kúrò ní 25 °C dé 40 °C nínú oòrùn wa yìí, á fẹ̀ tó bí ẹ̀kán omi mẹ́ta, ti gílísẹ́rìn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá ríbi fẹ̀ sí, á wá ọ̀nà gba ibi ìdérí jáde. Mo fura pé ohun tó jò sórí tábìlì mọ́mì nìyẹn, kì í ṣe súpà gúlù nìkan.

Bí ẹ bá fẹ́ yọ afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù, ẹ fi síríǹjì rọ omi wọlé lẹ́bàá etí ìdérí. Èyí tuntun láti kẹ́míìsì ni o. Ẹ má ṣe ṣa ìgò abẹ́rẹ́ tàbí síríǹjì tí wọ́n ti lò ní ilé ìwòsàn jọ.

Bàbá_Àpótí_Ẹja, Ìkòròdú

Àpótí ẹja mi kò ní ìdérí tó ń pa á pátápátá, n kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbà. Èso ẹ̀wà.

Ẹ ṣì dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ lórí ìwé ìròyìn di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Bí ìwé bá tutù, kò tíì yá.

Ọmọ_Etí_Ọ̀sà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ti ń gbà mí nímọ̀ràn, mo wá jábọ̀.

Mo ṣe mẹ́fà. Gọ́ọ̀mù púlọ́ńbà ni mo fi mọ ilé. Èkíní gan mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó fi abẹ́rẹ́ fa fèrèsé kejì, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olójú kan ló dà, ìyá mi ti gba ìyẹn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kí n máa gé e ní wẹ́wẹ́ bí èso ẹ̀wà, ògiri kọ́kọ́, kó gan, kí n tó po ti òrùlé. Pẹ́ẹ̀ntì olóróró ni mo fi kùn ún, kì í ṣe pósítà kọ́lọ̀ mọ́, mo sì jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó wọ omi. Àgbọn Mọ́mì Àjàrá ló wà lábẹ́ gbogbo wọn.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta mìíràn, gílítà àwọ̀ eruku. Bí ẹ bá mì í, ó dà bí àárọ̀ ọyẹ́ lóòótọ́, ilé náà á kọ́kọ́ sọnù, á wá máa yọ díẹ̀díẹ̀, òrùlé ló ń kọ́kọ́ yọ. Igi Agia kan. Ojú àìdábọ̀ kan, oníyanrìn. Mo gbé ìyẹn fún ọkùnrin kan tó ń mú àwọn àlejò kiri, ó mì í lẹ́ẹ̀kan, ó dúró títí iyanrìn fi wálẹ̀ tán, kò sì mì í mọ́. Ó ní kí n ṣe mẹ́wàá sí i.

Kò sí èyí tó dàrú. Kò sí èyí tó jò, yàtọ̀ sí ẹ̀kẹfà tí mo kánjú, n kò jẹ́ kí sílíkọ́ọ̀nù rẹ̀ pé ọjọ́.

Ó ku ẹyọ ìbéèrè kan. Tábìlì ìyá mi. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ gbé ìgò kankan lé e mọ́ títí tí n ó fi bó gílísẹ́rìn ọjọ́sí yẹn kúrò. Mo ti fi kẹrosíìnì nù ún, ó tiẹ̀ burú sí i.

Oníkẹ́míìsì_Ẹ̀pẹ́

Kẹrosíìnì kọ́, àǹtí. Gílísẹ́rìn kì í ṣe òróró, inú omi ló ń yọ́ sí. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún lẹ́ẹ̀mejì, ó tán. Kẹrosíìnì tí ẹ ti fi kùn ún ló máa yọ yín lẹ́nu báyìí.